Ìwádìí Tí Mo Lọ Ṣe ní Verona

Ẹ̀yin ará ilé wa, ẹ̀yin ni ẹ rán mi níṣẹ́, ẹ̀yin ni mo sì gbọ́dọ̀ jíṣẹ́ fún. Lọ́jọ́ tí mo dé, mo jókòó ní pálọ̀ Bùọ̀dá Àgbà, mo mu omi, mo ní, "Ìdílé ọmọ náà dára," gbogbo yín sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Irọ́ kọ́ ni mo pa. Ṣùgbọ́n n kò sọ ọ́ tán. Ojú ló ń tì mí. Láti ọjọ́ náà ni èyí tí mo gbé mì ti ń wú nínú mi bíi gàrí tí a bu omi sí, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bíírò. Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo fẹ́ kọ ọ́.

Ẹ rántí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Bọ́lájí, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún mi kó tó kú, kọ lẹ́tà láti Torino ní Ítálì pé òun ti rí ẹni tí òun fẹ́ fẹ́. Ojú ìwé mẹ́ta ni lẹ́tà náà. Ní ojú ìwé kejì, ìlà kẹfà, ni mo ti kà á pé ọmọ Amẹ́ríkà ni, adúláwọ̀ bíi tiwa, sójà tí wọ́n fi sí bárékè wọn kan nítòsí Verona. N kò lè ka ojú ìwé kẹta títí di ọjọ́ kejì.

Ẹ mọ ìdí rẹ̀. Ẹ mọ ọmọ Màmá Ìdòwú, aládùúgbò wa, tí ó lọ wa takisí ní Amẹ́ríkà. Àpótí ni wọ́n fi gbé e wálé. Ọta ìbọn kan ṣoṣo ni, lẹ́yìn etí òsì. Èmi ni mo di ìyá rẹ̀ mú lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí àpótí náà. Láti ìgbà yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá ti pe Amẹ́ríkà, etí òsì yẹn ni mo ń rí. Nígbà tí àbúrò mi fẹ́ mú Bọ́lájí lọ sí ọ̀hún, èmi ni mo kọ̀. Mo ní kí ó lọ sí Ítálì, pé Póòpù ń gbé ibẹ̀, wọn kì í yìnbọn níbẹ̀. Bọ́lájí sunkún, ó lọ. Ẹ wá wò ó: Amẹ́ríkà tí mo sá fún wọ ọkọ̀ òfurufú, ó lọ bá a níbẹ̀.

Nígbà tí mo ka lẹ́tà náà ní ìpàdé ẹbí, ọ̀kan nínú yín, tí n kò ní dárúkọ, pariwo pé, "Akátá! Akátá ló fẹ́ gbé wálé!" bí ìgbà tí ènìyàn rí ẹranko nínú oko. Ẹ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Bùọ̀dá Àgbà, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ni wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "A kì í fọmọ fún ìdílé tí a kò wádìí. Ìyá Bọ́lájí, ìwọ lo mọ bí a ṣe ń fojú tú nǹkan. Lọ." Ọdún méjìlélógún ni mo fi tọ́jú ilé ìpamọ́ oògùn ní ọsibítù, n kì í sì í fọwọ́ sí páálí tí n kò ṣí. Wọ́n fún mi ní ìbéèrè mẹ́rin, mo kọ wọ́n sí ìwé pélébé kan. Ṣé wèrè wà nínú ìdílé náà? Ṣé olè wà níbẹ̀? Ṣé wọ́n ní àrùn tí ọmọ ń jogún? Ṣé ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, yálà wọ́n pa ènìyàn, tàbí ènìyàn pa wọ́n? Ẹ rí ìbéèrè kẹrin yẹn. Ní tiwa, a kì í ya méjèèjì sọ́tọ̀.

*Torino*

Kùrukùru ni mo kọ́kọ́ rí, n kò rí ìlú. Bọ́lájí di ọwọ́ mi mú láti ibi ọkọ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà, bí èmi náà ti máa ń di ọwọ́ rẹ̀ mú lọ sí ilé ẹ̀kọ́.

Àwọn ará ibẹ̀ a máa kí ènìyàn, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé wọn kì í kíni. Bí o bá wọ ìsọ̀ wọn, wọ́n á ní "buongiorno," bí o bá ń jáde, wọ́n á tún kí ọ. Mo rò pé mo ti dé ilé. Mo bi obìnrin tó ń ta búrẹ́dì bóyá ọkọ rẹ̀ sùn dáadáa, bóyá àwọn ọmọ ń ṣe dáadáa. Ó wo Bọ́lájí, ó wo mí, ó tún wo búrẹ́dì.

"Màmá," Bọ́lájí ní, "búrẹ́dì ni wọ́n ń tà níbí, wọn kì í ta ìròyìn ilé."

Inú ilé ìyá àgbà kan ni Bọ́lájí ń gbé, Signora Elda, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́. Òun ló ń wẹ̀ wọ́n, òun ló ń fún wọn lóúnjẹ, òun ni wọ́n ń bú bí òjò bá rọ̀. Wọ́n fún mi ní kọfí nínú ife tí kò ju ìdérí ìgò oògùn lọ. Mo mu ún tán lẹ́ẹ̀kan, ọkàn mi lù títí di ìrọ̀lẹ́. Oúnjẹ wọn kan wà, polenta, àgbàdo ni wọ́n fi ń ṣe é, ó dà bí ẹ̀kọ tí ẹnìkan gbàgbé láti pọ́n sínú ewé. Mo se ọbẹ̀ ata sí i. Signora Elda jẹ ẹ́, omi bọ́ lójú wọn, wọ́n nu ojú, wọ́n tún na àwo wọn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni wọ́n bi mí pé kí ni mo wá ṣe gan-an. Bọ́lájí túmọ̀ rẹ̀, kò sì wo ojú mi. Mo ní mo wá wo ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọmọ mi, nítorí pé ọmọ Amẹ́ríkà ni, ẹ̀rù ìbọn sì ń bà mí.

Signora Elda rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. Wọ́n ní ará gúúsù Ítálì ni ọkọ tiwọn, ó wá ṣiṣẹ́ ilé iṣẹ́ ní Torino. Nígbà náà, àwọn onílé a máa kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé àwọn kò gba ará gúúsù. Bàbá wọn kò wá síbi ìgbéyàwó. Ó ní gbogbo ará gúúsù ló ń gbé ọ̀bẹ.

"Ṣé ọkọ yín ń gbé ọ̀bẹ?" ni mo bi wọ́n.

"Ó ń gbé e! Ó fi ń bó èso." Wọ́n ní bàbá wọn kú láìtíì mọ̀ pé ọ̀bẹ èso ni.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Signora, bàbá yín kò gbọ́n." A jọ rẹ́rìn-ín. Bọ́lájí kò bá wa rẹ́rìn-ín.

*Nínú ọkọ̀ ojú irin*

Padova ni Raymond, ọmọkùnrin náà, ní kí a ti pàdé òun, nítorí iṣẹ́ gbé òun lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nínú ọkọ̀ ojú irin, obìnrin kan jókòó, ó gbé báàgì rẹ̀ sí orí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo ṣe "buongiorno" fún un, mo sì jókòó síwájú rẹ̀. Ó dáhùn. Lẹ́yìn náà ó gbé báàgì náà sí orí itan, ó yí okùn rẹ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́. Lẹ́ẹ̀mejì ló yí i. Mo kà á.

"Bọ́lájí, kí ni mo fi jọ olè?"

"Ẹ kò jọ ọ́, Màmá. Ẹ má wò ó."

"Èmi ìyá ìjọ! Èmi tí kọ́kọ́rọ́ yàrá oògùn wà lọ́wọ́ mi!"

"Inú ìwé ìròyìn ló ti rí wa, kó tó rí wa nínú ọkọ̀," Bọ́lájí ní. Ó sọ fún mi nípa àwọn ọmọbìnrin wa tí wọ́n kó wá síbẹ̀ tí wọ́n ń dúró lẹ́bàá títì, àti àwọn ọmọkùnrin tó ń ta ohun tí kò dára. Ó ní bí òun bá sọ pé ọmọ Nàìjíríà ni òun, ojú àwọn ènìyàn a máa sọ̀ kalẹ̀ sí ara aṣọ òun kó tó padà sókè. "Mo ti bá a gbé. Ẹ̀yin náà á bá a gbé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Mo yọ bisikíìtì nínú báàgì mi, mo fi lọ obìnrin náà. "No, grazie," ó ní, ó sì tún di báàgì rẹ̀ mú. Mo sọ ọ́ ní Yorùbá, tí gbogbo ọkọ̀ gbọ́, pé Ọlọ́run ni yóò bi í léèrè. Títí a fi sọ̀kalẹ̀ ni mo ń sọ fún Bọ́lájí irú ènìyàn tí ó máa ń wo ọmọ ọlọ́mọ lójú lẹ́ẹ̀kan tí yóò sì dá a lẹ́jọ́.

*Padova*

Ó ń dúró dè wá níta ibùdókọ̀. Ó ga tó ilẹ̀kùn, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì dúdú. Nígbà tí ó rí wa, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi í lé Bọ́lájí lọ́wọ́, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí òkúta títì tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. "Ẹ káàsán, mà," ó ní. Ohùn rẹ̀ gbé gbogbo àmì sí ibi tí kò yẹ, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ kan ilẹ̀.

Ẹ̀yin mọ ohun tí ó yẹ kí ìyá ṣe. Kí n fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, kí n ní, "Pẹ̀lẹ́ o, wàá dàgbà, wàá tọ́mọ." Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe. Mo fà sẹ́yìn ìṣísẹ̀ méjì, mo gbá báàgì mi mọ́ àyà.

Àwọn ènìyàn dúró wò. Ọlọ́pàá méjì sáré dé, wọ́n rò pé ẹnìkan ti lù ú ṣubú tàbí pé orí rẹ̀ ti dàrú. Wọ́n fà á dìde ní apá. Ó mú káàdì sójà rẹ̀ jáde. "Ah, americano!" ni wọ́n ní, wọ́n sì gbá a lẹ́jìká, ọ̀kan tilẹ̀ bá a ṣàwàdà nípa bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń jù sínú apẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí ọmọ mi, tí kò dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n gba ìwé ìgbélùú rẹ̀, permesso, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò níwájú àti lẹ́yìn, wọ́n gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Raymond dúró tì í títí wọ́n fi dá a padà. Gbogbo iwájú aṣọ rẹ̀ tutù.

Ó bi mí ní Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́jẹ́, "Màmá, ṣé n kò ṣe é dáadáa ni?"

Mo ní, "O gbìyànjú."

Ó mú wa lọ jẹun lábẹ́ àwọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn ìlú náà, níbi tí ènìyàn ti lè rìn jìnnà kí òjò má kàn án. Mo ti jẹ ẹran àwo mi dé ìdajì kí Bọ́lájí tó sọ pé ẹṣin ni.

"Ẹṣin tí ọba ń gùn?"

"Ọba kò sí níbí mọ́, Màmá. Wọ́n ti jẹ ẹṣin rẹ̀."

Raymond rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó túmọ̀ rẹ̀ fún un, nítorí ojú mi. Ó gbé búrẹ́dì tirẹ̀ fún mi, ó sì gba àwo ẹṣin náà. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ń wò ní gbogbo àsìkò yẹn, ọ̀tún àti òsì, mo ń wò ó bóyá èyíkéyìí máa lọ sí abẹ́ jákẹ́ẹ̀tì.

*Verona*

Lọ́jọ́ kejì ni a dé ilé tí Raymond háyà níta bárékè, yàrá kan àti kíṣíìnì. Àwòrán ọmọkùnrin kan wà lára ògiri, ó fi ara jọ ọ́. Raymond ti ń dín ẹja nígbà tí a wọlé, ó sì se ìrẹsì àti ẹ̀wà pọ̀, òórùn rẹ̀ jọ ti ilé wa débi pé mo ní láti jókòó. Bọ́lájí wọ kíṣíìnì lọ ràn án lọ́wọ́. Mo ń gbọ́ wọn, wọ́n ń jà nípa iyọ̀ bí tọkọtaya tó ti pẹ́.

Jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà lórí àga. Mo ní kí n gbé e kọ́. Nígbà tí mo gbé e, apá òsì wúwo ju ọ̀tún lọ. Mo tọwọ́ bọ inú àpò náà. Agolo minti kékeré kan ló wà níbẹ̀, àti kóòmù, àti ìwé ìkọ̀wé kan tí ó ti gbó. Mo ṣí ìwé náà. "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ káàsán, mà. Ẹ kú ìrìn-àjò." Ó kọ aago tí a ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Màmá, kí lẹ̀ ń wá?"

Bọ́lájí ló dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣíìnì, ó gbé àwo lọ́wọ́.

"Mo fẹ́ gbé e kọ́ ni."

"Ìbọn lẹ̀ ń wá." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá. "Obìnrin inú ọkọ̀ yẹn, báàgì tirẹ̀ ló dì mú. Kò tọwọ́ bọ àpò yín."

Ẹ ó rò pé mo dáwọ́ dúró níbẹ̀. N kò dáwọ́ dúró. Ìbéèrè mẹ́rin ni ẹ fún mi, mo sì ti fi gbogbo ọjọ́ ayé mi dáhùn gbogbo ìlà tí wọ́n bá fà fún mi. Lẹ́yìn oúnjẹ, mo mú ìwé pélébé mi jáde, mo sì bi í ní Gẹ̀ẹ́sì tí mo kọ́ ní sẹ́kọ́ńdírì, kí ó má bàa sí àṣìtúmọ̀. Bọ́lájí ní, "Màmá, basta, ó tó." Raymond ní kí ó jẹ́ kí n bi òun, pé òun ti ń retí rẹ̀. Wèrè ńkọ́? Ó ní kò sí, àyàfi àbúrò bàbá òun tó gbà pé òun mọ orin kọ. Olè ńkọ́? Kò sí. Àrùn ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ ríru, ti ìyá rẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó pa ènìyàn, tàbí ẹni tí wọ́n pa?"

Ó fi fọ́ọ̀kì rẹ̀ lélẹ̀, ó wo àwòrán ara ògiri. "Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Marcus. Wọ́n yìnbọn pa á ní àdúgbò wa. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni."

Ẹ̀yin ará ilé, etí òsì ni mo rí. Gbogbo ẹ̀rù tí mo gbé wá láti ilé dìde dúró. N kò wo ojú ọmọ náà. Ohun tí ó ti ẹnu mi jáde nìyí, n kò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò níbẹ̀: "Kí ló ṣe fún wọn?"

Raymond ní, "Kò ṣe nǹkan kan, mà. Wàrà ló lọ rà. Èmi ni mo ń ké pé ebi ń pa mí."

Ó dìde, ó kó àwo wa, tèmi lórí tirẹ̀. A gbọ́ omi ní kíṣíìnì fún ìgbà pípẹ́. Àwo mẹ́ta ni a fi jẹun.

*Ìpadà sí Torino*

Bọ́lájí kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ọkọ̀ ojú irin fi kọjá ibi tí oko ìrẹsì wọn bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, kò bú mi. Ó ní ìyá Raymond fúnra rẹ̀ ló mú un lọ wọ iṣẹ́ sójà, nítorí ó gbà pé ojú ogun kò léwu tó òpópónà wọn. Ó ní nígbà tí Marcus kú, ọlọ́pàá bi ìyá náà pé kí ni ọmọ rẹ̀ ṣe, àwọn oníròyìn bi í, àwọn ará ìjọ rẹ̀ náà bi í. Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi bi í. Ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè yẹn nípa ọmọ rẹ̀ láé.

"Nígbà tí Raymond sọ fún un pé ọmọ Nàìjíríà ni mí, àwọn aládùúgbò rẹ̀ sọ ohun tí wọ́n gbọ́ nípa wa. Ẹ mọ ohun tí wọ́n gbọ́. Ṣé ẹ mọ ohun tí ìyá náà bi í? Ó ní, 'Ṣé ọmọ náà ń jẹun dáadáa?' Ìyẹn nìkan."

Bọ́lájí wá yíjú sí mi.

"Ẹ kò kí i, Màmá. Ó ní wọ́n pa ẹ̀gbọ́n òun, ẹ kò tilẹ̀ kí i."

Ọ̀rọ̀ yìí ló gún mi lọ́kàn. Èmi tí mo máa ń lọ kí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ kú. Èmi tí mo kí ìyàwó ọ̀tá mi lọ́jọ́ tó ṣọ̀fọ̀. A bí mi sí ibi tí ìkíni wà fún gbogbo nǹkan, fún ìjókòó, fún ìdúró, fún òjò. Mo jókòó nínú ilé ọ̀fọ̀, mo jẹ ẹja wọn, mo sì kọ òkú wọn sí abẹ́ nọ́ńbà kẹrin.

"Bí ẹ bá délé tí ẹ sọ fún wọn pé ìdílé ẹlẹ́jẹ̀ ni," Bọ́lájí ní, "màá fẹ́ ẹ níbí, n kò sì ní wálé mọ́. N kò fi dẹ́rù bà yín. Mo kàn ní kí ẹ mọ̀."

*Fóònù*

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo ní kí Bọ́lájí fún mi ní nọ́ńbà ìyá Raymond. Ó wò mí bí ẹni tí ọmọdé tọrọ ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ ọ́ fún mi, ó sì bá mi lọ sí àpótí fóònù ìsàlẹ̀ ilé, ó fi káàdì sí i, ó jáde, ó dúró níta gíláàsì.

Àárọ̀ ni ní Amẹ́ríkà. Obìnrin kan gbé e.

Mo ní, "Ìyá Bọ́lájí ni, láti Ítálì."

Ohùn rẹ̀ yí padà lójú ẹsẹ̀. "Ọmọ mi ńkọ́? Ṣé ọmọ mi wà láàyè?"

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ka èyí, mo mọ ohùn yẹn. Ohùn tèmi ni. Èmi náà máa ń gbé fóònù ilé ìfìwéránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá ti ní láti òkè òkun ni. Mo yára ní, "Ó wà, ó wà! Ó dín ẹja fún mi. Ó sanra." Mo gbọ́ tí ó jókòó. Mo gbọ́ tí àga dún.

Mo wá Gẹ̀ẹ́sì "ẹ kú ọ̀fọ̀" nínú orí mi, n kò rí i. Wọn kò fi í kọ́ wa. Mo ní, "Mo pè láti kí yín nítorí Marcus. Ó yẹ kí n ti kí Raymond, n kò kí i. Ìbéèrè ni mo bi í. Ìbéèrè tí gbogbo wọn bi yín ni mo bi í. Ẹ jọ̀ọ́."

Nọ́ńbà owó káàdì ń dínkù lójú fóònù. Mo rò pé ó ti gbé e sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Kò sí ẹni tó ń pe orúkọ rẹ̀ fún mi mọ́." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi irú ọmọ tí ó jẹ́. Ó ní kì í lè jókòó jẹ́jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé ó máa ń fi ìka lu ẹ̀yìn àga títí wọ́n á fi lé e síta. Ó ní ó ń kọ́ iṣẹ́ iná. Ó ní ó tún rédíò òun ṣe ní ọjọ́ Jímọ̀, ó fi irinṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀ lórí tábìlì, òun kò sì tíì... Ibẹ̀ ni káàdì parí.

Mo di fóònù náà mú síbẹ̀. Bọ́lájí wọlé, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e kọ́. Kò sọ pé òun ti dárí jì mí, n kò sì bi í. Lẹ́tà tí mo kọ sí Raymond, kò tíì fèsì.

Ìròyìn mi tán. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìdílé náà, tiwọn ló sì ṣàn sílẹ̀. Èmi ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fẹ́ra, Bùọ̀dá Àgbà náà sì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu mi ní àná kí ìwé yìí tó tẹ̀ yín lọ́wọ́. Bọ́lájí kọ̀wé pé ní ìparí ọdún ni wọ́n ń bọ̀, ìyá Raymond yóò bá wọn wá. Ẹ jọ̀ọ́, bí wọ́n bá wọ ilé wa, kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu béèrè ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ kí wọn kú ọ̀fọ̀.